Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Owó Odò Sílẹ̀, Kí Owó Náà sì Dé Inú Odò

Ọdún 9 ni mo fi ṣe akápò fún ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú odò kan. Odò náà ò tóbi, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń pa odò ńlá ló ń pa òun náà: omi ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń jò láti inú páìpù, ajílẹ̀ tí òjò ń gbá kúrò lóko, epo àti pàǹtírí tí àgbàrá ń kó láti orí títì. Nígbà tí a kọ́kọ́ ní kí ará ìlú máa dá owó fún un, wọ́n kọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà a padà tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n sì gbà. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí odò rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ omi tó lágbára láti gba owó, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti mú un.

Ohun tí mo ń pè ní owó odò ni owó kékeré tí òfin ní kí àwọn tó ń lo omi, tàbí tó ní ilẹ̀ ní agbègbè odò, máa san, tí òfin kan náà sì sọ pé kò gbọdọ̀ ya ibòmíràn lẹ́yìn odò náà. Ẹ má fojú kéré apá kejì gbólóhùn yẹn. Láìsí i, owó orí lásán lẹ gbà.

Ẹ wọn odò ná

Níbi ìpàdé tí a kọ́kọ́ pè, àwòrán ẹja tó kú la gbé lọ. A rò pé ẹni tó bá rí i yóò ṣàánú. Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ń ṣe odò yìí gan-an? Bí ẹ bá sì tún un ṣe, kí la ó fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá?" A wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa. Bí a ṣe pàdánù ìbò náà nìyẹn, mo sì gbà pé ìyá náà ló jàre.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù 14 la fi wọn odò kí a tó tún lanu béèrè owó. Ẹ yan ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ: ọ̀kan lókè níbi tí omi ṣì mọ́, ọ̀kan nísàlẹ̀ ibi tí páìpù ìlú ti ń tú omi sínú odò, ọ̀kan níbi tí oko parí sí, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá fi èyí tó kù sí ibi tí ẹ bá ti ń fura. Ibi kan náà ni kí ẹ máa lọ lóṣooṣù. Ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ nítorí pé ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ọ́síjìn inú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí oòrùn tó yọ. Aago 2 ọ̀sán la máa ń lọ tẹ́lẹ̀ torí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn, mítà sì máa ń ka mílígíráàmù 8 nínú lítà kan. Inú wa ń dùn. Lọ́jọ́ kan mo dé ibẹ̀ ní aago 5:30 ìdájí, ibi kan náà, mítà kan náà, ó ka 2. Àwọn ewéko inú omi ló fà á. Lọ́sàn-án, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú wọn ò ṣe é mọ́, síbẹ̀ àwọn, ẹja, àti kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí jọ ń mí èyí tó wà nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Odò tí ajílẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti mú kí ewéko rẹ̀ pọ̀ jù yóò dà bí odò tó dára lójú ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, yóò sì máa fún ẹja lọ́rùn lóru. Ọ̀pọ̀ ẹja ń fẹ́ tó 5 kí ara tó lè tù wọ́n. Nọ́ńbà 2 yẹn la gbé lọ sí ìpàdé kejì dípò àwòrán ẹja.

Ohun kejì kò gba mítà. Ẹ wọ odò, kí ẹ ṣí òkúta. Lábẹ́ òkúta odò tí ara rẹ̀ dá, ẹ ó rí ọmọ kòkòrò onírù mẹ́ta tó ń sáré kiri, ẹ ó rí òmíràn tó fi yanrìn àti igi wẹ́wẹ́ kọ́lé sára. Wọn kì í gbé inú omi tí ọ́síjìn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ aràn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kù nínú ẹrẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé omi ibẹ̀ ti ń jìyà tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe èyí pẹ̀lú yín. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá délé sọ pé aràn nìkan lòun rí kò tún nílò ìwé ìròyìn kankan.

Ẹ̀kẹta ni bí omi ṣe ń ṣàn tó, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ sì máa ń fo èyí. Bí náítírójìn, ìyẹn èròjà inú ajílẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń mú kí ewéko omi pọ̀ jù, bá jẹ́ mílígíráàmù 4 nínú lítà kan, tí odò sì ń gbé lítà 500 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé nǹkan bíi kílógíráàmù 173 ló ń gbé lọ lóòjọ́. Kílógíráàmù yẹn ni ẹ lè pín: èyí tó wá láti páìpù ìlú, èyí tó wá láti oko, èyí tó wá láti sọ́kàwéè àwọn ilé etí odò. Mílígíráàmù nìkan kò lè sọ ẹni tó yẹ kó san èló fún yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ pẹ̀lú, nítorí odò lè gbé ẹrù ìdọ̀tí oṣù kan láàárín ọjọ́ méjì.

Láti iṣẹ́ dé owó

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹrù ti ń wá, ẹ kọ iṣẹ́ tí yóò dín in kù, kí ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ síwájú rẹ̀, àti iye kílógíráàmù tí yóò yọ. Iṣẹ́ tó ń yọ ẹrù jù pẹ̀lú owó tó kéré jù ni kó ṣáájú, bí kò tilẹ̀ wu ojú. Páìpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ní àwòrán tó dùn ún wò, àmọ́ òun ló máa ń ṣáájú.

Ẹ tún ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀. Ní ọdún kìíní wa a gbin igi sí etí odò, a fi owó gbogbo ra irúgbìn, a ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ro ìdí wọn. Koríko bo wọ́n mọ́lẹ̀, màlúù sì jẹ ìyókù. Èmi kì í fọwọ́ sí ìwé ìṣúná owó odò mọ́ bí kò bá ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún ìtọ́jú ohun tí a ti ṣe.

Ta ni yóò san?

Ibí ni ìjà máa ń wà, ẹ má ṣe kánjú kọjá níbẹ̀. Oríṣi ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni kí gbogbo onílẹ̀ san iye kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn olùdìbò àgbègbè ìjọba mẹ́sàn-án tó yí ẹnu omi San Francisco, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, ká ní Amẹ́ríkà gbà láti máa san dọ́là 12 lọ́dún lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún 20, láti fi tún ilẹ̀ àbàtà etí omi náà ṣe. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ló ń wọlé lọ́dún. Ó rọrùn láti ṣàlàyé, ó rọrùn láti gbà. Ṣùgbọ́n iye tí opó tó ní ilé kékeré ń san náà ni ilé iṣẹ́ gbàràmù gbaramu ń san, ìyẹn kò sì bá mi lára mu.

Èkejì ni kí a so ó mọ́ bíìlì omi. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọdún 2004 nítorí ẹnu omi Chesapeake: dọ́là 2.50 lóṣù fún ilé kan, wọ́n sì sọ ọ́ di 5 ní ọdún 2012 fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí kò sí lórí páìpù ìlú, tó ń lo sọ́kàwéè tirẹ̀, ń san án lọ́dọọdún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ lára wọn ni bí wọ́n ṣe sọ iṣẹ́ náà: ilé ìfọ̀mímọ́ omi ìdọ̀tí ńláńlá 67 ni kí wọ́n tún ṣe, kí náítírójìn omi tó ń jáde lára wọn lọ sílẹ̀ dé mílígíráàmù 3 nínú lítà kan. Ẹnikẹ́ni lè ka 67, kó mọ iye tó kù. Nínú owó àwọn onísọ́kàwéè, wọ́n fi apá kan tún sọ́kàwéè ṣe, wọ́n fi apá kejì ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kí ajílẹ̀ má baà ṣàn lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí a wọn ilẹ̀ tí omi òjò kò lè wọ̀: òrùlé, kọnkéré, ọ̀dà títì. Los Angeles County dìbò fún èyí ní ọdún 2018, sẹ́ǹtì 2.5 fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Ẹni tó bá ṣe ohun tó ń gba omi òjò dúró nínú ọgbà rẹ̀ lè rí ẹ̀dínwó gbà. Bó bá jẹ́ pé àgbàrá títì ló ń pa odò yín, èyí ló tọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò àwòrán tí a yà láti òkè àti ènìyàn tí yóò máa dá àwọn tó bá ń bínú lóhùn.

Ẹ̀kẹrin ni kí a ka ìdọ̀tí fúnra rẹ̀. Ní Netherlands, ìgbìmọ̀ omi tí àwọn ará agbègbè ń dìbò yàn ló ń gba owó yìí. 21 ni wọ́n lónìí, gbòǹgbò àwọn kan nínú wọn sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 1200 sókè. Wọ́n ní òṣùwọ̀n ìdọ̀tí: ẹni tó ń dá gbé san ẹyọ 1, ilé tí èèyàn bá ju ọ̀kan lọ san ẹyọ 3, ilé iṣẹ́ ńlá sì san iye ẹyọ tí wọ́n bá wọ̀n lára omi rẹ̀. Jámánì náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní 1981, ẹni tó bá sì fọ omi rẹ̀ mọ́ dé ibi tí òfin fẹ́ ń san owó tó dín kù. Mo fẹ́ràn èyí jù fún àwọn ilé iṣẹ́, torí pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ yóò jókòó ṣírò bóyá kí òun máa san owó ni tàbí kí òun ra ẹ̀rọ ìfọ̀mímọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ló máa ń rà.

Àwa da méjì pọ̀: owó kékeré lórí bíìlì omi gbogbo ilé, ẹyọ ìdọ̀tí fún àwọn tó ń da omi púpọ̀ sódò. Bó bá jẹ́ ilé nìkan lẹ gbé e lé, ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ṣé àwa la ó san gbèsè ohun tí ilé iṣẹ́ bàjẹ́?" Ìbéèrè gidi ni.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí, ẹ fi owó yòówù tí ẹ ń ná sí i. Ká ní iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ 600,000, tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò sì san 240,000. Ó ku 360,000 lọ́rùn ilé 25,000. Ẹ ó fẹ́ pín in lọ́gbọọgba, ẹ ó ní 14.40. Àṣìṣe tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Ilé 10 nínú ọgọ́rùn-ún yóò rí ìdáríjì gbà nítorí àìní, 5 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní san, ẹ bínú tàbí ẹ má bínú. Ilé tó ń san jẹ́ 21,250, owó wọn sì yẹ kó jẹ́ 17. Bí ẹ bá kọ 14.40 sínú òfin, 54,000 ni yóò máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ò sì ní lè padà lọ sọ fún ará ìlú pé ẹ̀ ń fẹ́ sí i ní ọdún kejì.

Lórí àwọn tí kò ní: ẹ má ṣe fọ́ọ̀mù. A ṣe fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin, díẹ̀ nínú àwọn tó yẹ fún ìdáríjì ló sì wá. Àwọn tó le fún jù kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà, ẹlòmíràn sì ń tijú. Nígbà tó yá a lo orúkọ àwọn tó ti ń rí ẹ̀dínwó gbà tẹ́lẹ̀ lórí omi, a yọ wọ́n kúrò láìjẹ́ kí wọ́n béèrè. Ó ṣì ń dùn mí pé ọdún méjì kọjá kí a tó ṣe é.

Ibi tí owó yóò máa sùn

Ní ọdún kẹta, aláṣẹ kan pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó ní kí a yá wọn lára owó odò, wọn yóò dá a padà kí ọdún tó parí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Mo ṣí ìwé òfin síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ ìlà kan. Ó kà á, ó dákẹ́, ó sì bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ìlà yẹn kò bá sí, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi kọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi "a ó ṣètò rẹ̀ bó bá yá" dí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àkáǹtì tó dá dúró ní báǹkì, tí èlé rẹ̀ ń dúró sínú rẹ̀. Kí a má lè yá lára rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Kí ayẹ̀wéwò láti ìta máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ló wá kù: kí òfin sọ pé iye tí ìjọba ń ná lórí odò kí owó yìí tó dé kò gbọ́dọ̀ dín kù. Bí ẹ kò bá kọ ìyẹn, ẹ ó máa fi ọwọ́ kan dá owó sínú àpò, ẹnìkan yóò sì máa fi ọwọ́ kejì yọ tirẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, owó odò kò ní ju bó ṣe wà lọ, ará ìlú nìkan ni àpò wọn yóò ti fúyẹ́.

Ẹ tún jẹ́ kí àwọn tó ń san jókòó níbi tí a ti ń pín in. Òfin omi ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1964 pín orílẹ̀-èdè náà sí àgbègbè odò mẹ́fà, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí aṣojú ìjọba, ti ìlú, àti ti àwọn tó ń lo omi jọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sọ sí owó náà. Ní Quito, olú ìlú Ecuador, ilé iṣẹ́ omi ń fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sínú àpò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 fún ìtọ́jú orísun omi wọn. Àpò náà ní òfin tirẹ̀, ọdún 80 ni wọ́n sì là sílẹ̀ fún un. Àpò tó bá pẹ́ ju sáà olóṣèlú lọ ló lè tún odò ṣe.

Ẹ sọ ọ́ lórúkọ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́

Ní ọdún 2012, Maryland kan náà tó ṣe dáadáa lórí bíìlì omi ṣe òfin mìíràn pé kí àwọn àgbègbè ìjọba mẹ́wàá máa gba owó lórí àgbàrá òjò. Àwọn alátakò pè é ní owó orí òjò. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè, wọ́n gbé e lọ sórí ìpolongo ìbò, nígbà tó sì di ọdún 2015, òfin tó sọ ọ́ di dandan ti kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Orúkọ ló pa á. Ẹ fi orúkọ odò yín sára bíìlì, ní ìlà tirẹ̀, bí South Australia ṣe fi orúkọ odò Murray sára bíìlì tiwọn ní ọdún 2003. Wọ́n yọ ìyẹn náà kúrò ní ọdún 2015, nítorí náà ẹ má ṣe kọ́ ilé lé owó yìí lórí bí ẹni pé títí ayé ni.

Kí ìbò tó dé, àwọn tó lè sọ pé rárá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. A bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú oko wọn, a gbé nọ́ńbà tiwọn síwájú wọn láìpariwo, a sì sọ iye tí àpò odò yóò fi ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe ọgbà sí etí omi. Àwọn méjì nínú wọn ló bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú. Ìpàdé náà, etí odò la pè é sí, ní àárọ̀ kùtù, a sì jẹ́ kí ìyá tó bi wá ní ìbéèrè lọ́jọ́ sí ka mítà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí owó bá ti ń wọlé

Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ kan tí ojú lè rí, kékeré ni o, nígbà tí iṣẹ́ ńlá bá ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ kọ iye tó jẹ sára pátákó tó wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, ẹ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sára bíìlì: ọ́síjìn ìdájí ní ibi kan náà, ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí.

Ẹ má sì parọ́ àkókò. Ní adágún Taupō ní New Zealand, níbi tí odò Waikato ti ń ṣàn jáde, owó ará agbègbè àti ti ìjọba orílẹ̀-èdè ni wọ́n jọ fi dín náítírójìn tí èèyàn ń fà kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ajílẹ̀ tó ti wọlẹ̀ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọ sínú adágún, àti pé nǹkan lè burú sí i díẹ̀ kó tó sàn. Ní ọdún kẹrin tiwa, náítírójìn lọ sókè. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a fo ọdún yẹn. A tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí, pẹ̀lú àlàyé òjò tó rọ̀ lọ́dún náà. Lẹ́tà ìbínú 11 wọlé, mo sì dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Nígbà tí mo fi ipò akápò sílẹ̀, ìwé méjì ni mo gbé lé ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi: ìwé owó àti ìwé omi. Mo bá a lọ sí odò ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Níbi tí mo ti ka 2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mítà ka 5.6. Níbi karùn-ún, nísàlẹ̀ àwọn ilé tí sọ́kàwéè wọn ṣì ń jò, ó ka 3.9. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀, ó sì fa igi sábẹ́ 3.9. Ibẹ̀ ni owó ọdún tó tẹ̀ lé e lọ.